Ojú Ọ̀run Tẹ́yẹ Fò: Ṣé Ó Yẹ Kí Ọmọ Tí Ń Gun Sikútà Wọ Pápá Sikéètì Ìjọba?

Ní ọ̀pọ̀ ìlú ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, àríyànjiyàn kan wà tí ó máa ń pín àwọn òbí àti àwọn aláṣẹ ìlú sí méjì: ṣé kí a gba àwọn ọmọ tí ń gun sikútà àfẹsẹ̀tì láàyè nínú pápá sikéètì tí ìjọba fi owó ará ìlú kọ́, àbí kí a fi pápá náà sílẹ̀ fún àwọn tí ń gun pákó onítáyà mẹ́rin, ìyẹn skateboard, nìkan? Lójú ẹni tí ń kọjá lọ, ìjà ọmọdé lórí ibi ìṣeré lásán ni. Àwọn onímọ̀ ìṣègùn ọmọdé kò fi ojú yẹpẹrẹ wò ó, nítorí pé ibi tí ọmọ bá ti ń ṣeré ni yóò sọ irú ewu tí yóò bá pàdé níbẹ̀.

Sikútà tí ọ̀rọ̀ yìí dá lé lórí yàtọ̀ sí alùpùpù Vespa tí àwọn àgbà ilẹ̀ wa mọ̀ dáadáa. Pèpéle tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, tí ó ní táyà kékeré méjì, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, àti ọ̀pá ìdarí tí ó ga dé ìbàdí tàbí àyà ọmọ. Ọmọ náà yóò gbé ẹsẹ̀ kan lé e, yóò sì máa fi ẹsẹ̀ kejì ti ilẹ̀ kí ó lè máa yí lọ. Kò ní ẹ́ńjìnnì, kò sì ní bátìrì.

Bí pápá sikéètì ṣe bẹ̀rẹ̀

Ìpínlẹ̀ California ni eré pákó onítáyà ti gbilẹ̀ láàárín ọdún 1950 sí 1960, nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n máa ń gun ìgbì òkun ń wá ohun tí wọn yóò fi máa ṣeré lórí ilẹ̀ ní ọjọ́ tí òkun bá dákẹ́. Ní ọdún 1976 ni wọ́n ṣí ọ̀kan nínú àwọn pápá sikéètì àkọ́kọ́ ní ìlú Carlsbad ní ìpínlẹ̀ náà. Irú pápá bẹ́ẹ̀ kò jọ pápá bọ́ọ̀lù rárá. Kọnkéré ni wọ́n fi ń ṣe é: ibì kan yóò jìn bí àwokòtò, ibì kan yóò dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ bí ẹ̀gbẹ́ òkè, ibòmíràn yóò sì ní àtẹ̀gùn àti irin gbọọrọ tí àwọn ọ̀dọ́ máa ń gbé pákó wọn yọ̀ lé lórí.

Àwọn oníṣòwò ni ó ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn pápá àkọ́kọ́ wọ̀nyẹn, wọ́n sì ti èyí tí ó pọ̀ nínú wọn pa ní nǹkan bí ọdún 1980, nígbà tí owó adójútòfò gbówó lórí kọjá agbára wọn. Àwọn ìjọba ìbílẹ̀ pẹ̀lú kò fẹ́ kọ́ ọ, nítorí ìbẹ̀rù pé bí ọmọ kan bá ṣubú tí ó fara pa, ilé ẹjọ́ ni ọ̀rọ̀ náà yóò já sí. Ní ọdún 1997, California ṣe òfin kan tí ó ka eré àrà orí pákó onítáyà mọ́ eré ìdárayá eléwu. Ìtumọ̀ èyí ni pé ẹ̀bi ìjọba ìbílẹ̀ yóò dín kù bí ẹni tí ń fi pákó dárà bá fara pa, bí ìjọba náà bá ti tẹ̀lé àwọn ìlànà ààbò tí òfin là sílẹ̀. Lẹ́yìn òfin yìí ni pápá sikéètì ti ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀. Àmọ́ ti àwọn tí ń gun pákó ni òfin náà ń sọ. Kò sí sikútà nínú rẹ̀.

Ọdún tí sikútà gba ìgboro kan

Ní ọdún 2000 ni sikútà alumíníọ̀mù tí ó ṣeé ká, tí ó sì fúyẹ́ lọ́wọ́ ọmọdé, gba ìgboro Amẹ́ríkà kan. Wim Ouboter, ọmọ ilẹ̀ Switzerland, wà lára àwọn tí wọ́n gbé irú rẹ̀ jáde, orúkọ Razor ni ọ̀pọ̀ ọmọ sì mọ̀ ọ́n sí ní Amẹ́ríkà. Kí ọdún náà tó parí, ilé ìwòsàn ti mọ̀ pé ohun tuntun ti dé.

Ibùdó ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà fún ìkáwọ́ àti ìdènà àrùn, tí gbogbo ayé mọ̀ sí CDC, kéde ní oṣù Kejìlá ọdún 2000 pé láti oṣù Kìíní sí oṣù Kẹwàá ọdún náà, nǹkan bí ènìyàn 27,600 ni sikútà àfẹsẹ̀tì gbé dé ẹ̀ka ìtọ́jú pàjáwìrì. Ìdá 85 nínú 100 wọn ni kò tíì pé ọmọ ọdún 15, ọkùnrin sì ni ìdá méjì nínú mẹ́ta. Ìdá 29 nínú 100 àwọn ìfarapa náà jẹ́ egungun tí ó kán tàbí oríkèé tí ó yẹ̀. Apá àti ọwọ́ ni ó gba èyí tí ó pọ̀ jù, ìdá 42 nínú 100. Orí àti ojú gba ìdá 27, ẹsẹ̀ sì gba ìdá 24.

Kò ṣòro láti mọ ìdí tí ọwọ́ fi ń jìyà jù. Ẹ̀dá ènìyàn kì í rò ó lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó na ọwọ́ síwájú bí ó bá ń ṣubú. Ọwọ́ tí ó nà náà ni yóò kọ́kọ́ bá ilẹ̀, ọrùn-ọwọ́ ni yóò sì gba gbogbo ìwúwo ara. Ní ti ọmọdé, ọ̀rọ̀ náà le ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé ibì kan wà ní ìpẹ̀kun egungun rẹ̀ tí ó ṣì rọ̀, tí egungun náà ti ń gùn sí i lójoojúmọ́. Bí ibẹ̀ bá fara pa tí wọn kò sì tọ́jú rẹ̀ bí ó ti yẹ, apá náà lè kúrú ju èkejì lọ tàbí kí ó wọ́.

Ìwádìí mìíràn tí àwọn onímọ̀ ní Nationwide Children's Hospital ní ìpínlẹ̀ Ohio ṣe, tí ó gbé ìfarapa láti ara ohun ìṣeré yẹ̀ wò láti ọdún 1990 sí 2011, fi hàn pé ó ju mílíọ̀nù 3 ọmọ lọ tí wọ́n gbé lọ sí ẹ̀ka pàjáwìrì láàárín ọdún wọ̀nyẹn. Sikútà àfẹsẹ̀tì wà lára ohun tí ó mú kí iye náà ga lójijì lẹ́yìn ọdún 1999. Àwọn ohun ìṣeré tí ọmọ ń gùn, tí sikútà jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, sì máa ń fa egungun kíkán tàbí oríkèé yíyẹ̀ ní ìlọ́po mẹ́ta ju àwọn ohun ìṣeré yòókù lọ.

Kí ló dé tí pákó àti sikútà kì í fi í rẹ́?

Àwọn tí ń gun pákó ní ẹjọ́ tiwọn, ẹjọ́ náà sì lẹ́sẹ̀ ńlẹ̀. Àkọ́kọ́ ni pé ó pẹ́ kí ènìyàn tó lè dúró lórí pákó onítáyà. Kí ọmọ tó lè sọ̀ kalẹ̀ sínú kòtò kọnkéré, yóò ti lo oṣù púpọ̀ ní etí pápá, yóò sì ti kọ́ ìwà ibẹ̀: pé ènìyàn a máa dúró de orí rẹ̀ kí ó tó wọlé, pé a kì í gba iwájú ẹni tí eré rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, pé a kì í jókòó sí ibi tí ẹlòmíràn yóò balẹ̀ sí. Sikútà kò nílò irú ìkọ́ṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọmọ ọdún 6 tí ó di ọ̀pá ìdarí mú lè sáré la àárín pápá kọjá ní ọjọ́ tí ó kọ́kọ́ débẹ̀, láìmọ̀ pé ọ̀dọ́ ọmọ ọdún 17 kan ń bọ̀ láti inú kòtò pẹ̀lú eré tí kò ṣeé dá dúró.

Ẹ̀kejì ni ọ̀nà tí olúkúlùkù ń gbà ṣubú. Ẹni tí ó wà lórí pákó lè fò kúrò lórí rẹ̀ bí ó bá rí ewu, kí pákó máa bá tirẹ̀ lọ. Táyà sikútà kéré, ó sì lè dúró gbáà bí ó bá kọlu òkúta wẹ́wẹ́ tàbí ẹ̀là ilẹ̀. Sikútà yóò dúró, ọmọ kò ní dúró; orí ọ̀pá ìdarí ni yóò gbà kọjá. Àwọn oníṣẹ́ abẹ ọmọdé mọ ewu kan dáadáa nínú èyí: etí ọ̀pá ìdarí, ìbáà jẹ́ ti kẹ̀kẹ́ tàbí ti sikútà, lè gún ọmọ ní ikùn, kí ó ṣe ẹ̀dọ̀, ọlọ inú tàbí àmọ́ ara léṣe, láìsí ọgbẹ́ tí ó hàn ní ìta.

Ẹ̀kẹta jẹ mọ́ pápá fúnra rẹ̀. Pèpéle sikútà jẹ́ irin tàbí alumíníọ̀mù, ó sì máa ń ha etí kọnkéré tàbí kí ó bù ú jẹ bí wọ́n bá jẹ́ kí ó já lù ú. Ibi tí ó ṣẹ́ yìí ni táyà ẹlòmíràn yóò há sí lọ́la.

Ẹ̀kẹrin ni ó ń bí ọ̀pọ̀ nínú jù. Àwọn òbí mìíràn a máa fi ọmọ wẹ́wẹ́ sílẹ̀ ní pápá bí ẹni pé ilé ìtọ́jú ọmọdé ni, wọn yóò sì jókòó sínú ọkọ̀ wọn.

Ẹjọ́ àwọn tí ó ní kí a ṣí ilẹ̀kùn

Bí a bá ti ọmọ síta, kò ní ju sikútà rẹ̀ dànù. Ojú títì ni yóò gbé e lọ, mọ́tò sì ni yóò máa bá a du ọ̀nà níbẹ̀. Ẹni tí ó bá fi orí gbá kọnkéré nínú pápá lè mì lọ́pọlọ; ẹni tí mọ́tò bá gbá lè má dìde mọ́. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé ilẹ̀ Amẹ́ríkà, American Academy of Pediatrics, sọ ọ́ ní ọdún 2002 nínú ìlànà tí wọ́n gbé jáde lórí pákó onítáyà àti sikútà pé ó dára kí àwọn ìlú kọ́ pápá sikéètì, nítorí pé ó ń yọ ọmọ kúrò láàárín ọkọ̀ àti àwọn ẹlẹ́sẹ̀. Ẹgbẹ́ náà tún là á sílẹ̀ pé ọmọ tí kò tíì pé ọdún 8 kò gbọdọ̀ gun sikútà láìsí àgbàlagbà nítòsí, àti pé ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5 kò gbọdọ̀ gun pákó onítáyà rárá.

Ìlera ara ni ìdí kejì. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ní kí ọmọ ọdún 5 sí 17 máa ṣe eré ìdárayá tí ó múni láàgùn fún ìṣẹ́jú 60 lójúmọ́, bí a bá pín in dọ́gba láàárín ọ̀sẹ̀. Àkójọ tí àjọ náà ṣe lórí ọdún 2016 sì fi hàn pé ìdá 81 nínú 100 àwọn ọmọ ọdún 11 sí 17 kárí ayé ni kì í tó bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ọmọ ni ó fẹ́ràn bọ́ọ̀lù tàbí eré sísá. Ọmọ tí ó bá rí eré tí ó wù ú, tí ó ń mú ọkàn rẹ̀ lù kìkì, tí ó sì ń kọ́ ọ ní ìdúróṣinṣin ara, kò yẹ kí a lé e padà sí iwájú tẹlifíṣàn.

Ìdí kẹta ni pé kò sí bí a ó ti ṣe òfin tí yóò lé táyà méjì jáde tí kò ní kan àwọn mìíràn. Aaron Fotheringham ti ìlú Las Vegas gun kẹ̀kẹ́ aláàbọ̀ ara rẹ̀ wọ pápá sikéètì láti kékeré. Ní ọdún 2006, nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 14, ó fi kẹ̀kẹ́ náà ta òkìtì ẹ̀yìn, ó sì fi táyà rẹ̀ balẹ̀. Bí wọ́n bá ti sọ fún un pé pákó nìkan ni pápá wà fún, ayé ìbá má mọ̀ pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣeé ṣe.

Ohun tí California ṣe

Ní ọdún 2015 ni ìpínlẹ̀ California tún òfin rẹ̀ ṣe, àtúnṣe náà sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2016. Dípò pákó onítáyà nìkan, òfin náà ti ń sọ̀rọ̀ báyìí nípa àwọn ohun ìṣeré onítáyà mìíràn tí kò ní ẹ́ńjìnnì: kẹ̀kẹ́, sikútà, bàtà onítáyà àti kẹ̀kẹ́ aláàbọ̀ ara. Ẹnikẹ́ni tí yóò bá wọ pápá gbọ́dọ̀ dé akoto, kí ó sì wọ ìbòmọ́lẹ̀ onítìmùtìmù sí ìgúnpá àti orúnkún. Níbi tí kò bá sí alábòójútó, ìjọba ìbílẹ̀ gbọ́dọ̀ gbé pátákó ìkìlọ̀ sójú ọ̀nà, tí yóò sọ ohun tí ènìyàn gbọ́dọ̀ wọ̀ àti pé ẹni tí ó bá kọ̀ lè rí ìwé ìpè àwọn agbófinró.

Òfin yìí kò pàṣẹ pé kí gbogbo ìlú gba sikútà wọlé. Ohun tí ó ṣe ni pé ó mú ìbẹ̀rù ẹjọ́ kúrò lọ́nà, kí ìlú tí ó bá fẹ́ gbà á lè gbà á lábẹ́ ààbò kan náà. Bẹ́ẹ̀ ni kò sì dá ìjọba sílẹ̀ pátápátá: bí aláṣẹ bá mọ̀ pé kòtò kan ti là tàbí irin kan ti yọ, tí kò sì kìlọ̀ fún ẹnikẹ́ni, ẹ̀bi yóò wà lọ́rùn rẹ̀.

Ó tún yẹ kí a ṣàkíyèsí pé sikútà oníbátìrì kò sí lára àwọn tí òfin náà dárúkọ. Eré ti èyí ga jù, ewu rẹ̀ sì yàtọ̀. Ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní oṣù Kìíní ọdún 2019, lórí ènìyàn 249 tí sikútà oníbátìrì gbé dé ilé ìwòsàn méjì ní gúúsù California láàárín ọdún kan, rí i pé ìdá 40 nínú 100 wọn ni ó fi orí pa, nígbà tí àwọn tí ó dé akoto kò tó ìdá 5 nínú 100.

Ọgbọ́n tí àwọn ìlú ń dá

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ojú ọ̀run tẹ́yẹ fò láìfara kanra. Pápá sikéètì kò fẹ̀ tó ojú ọ̀run, nítorí náà àwọn ìlú ní láti pín àkókò àti ààyè. Àwọn kan ya ọjọ́ tàbí wákàtí sọ́tọ̀: pákó ní àkókò tirẹ̀, sikútà àti kẹ̀kẹ́ ní tiwọn. Àwọn mìíràn ya òwúrọ̀ òpin ọ̀sẹ̀ sọ́tọ̀ fún àwọn ọmọ kéékèèké, kí àwọn àgbà tó dé. Ní ibi tí owó bá wà, wọn a máa kọ́ apá kan tí kò jìn fún àwọn tí ń kọ́ṣẹ́, kí ọmọ ọdún 6 má baà dé etí kòtò ńlá. Wọn a sì máa fi irin bo etí kọnkéré tí sikútà àti kẹ̀kẹ́ máa ń bù jẹ.

Ìkọ̀ọ̀kan nínú ọgbọ́n wọ̀nyí ní àléébù. Wákàtí tí a pín kò ní láárí bí kò bá sí ẹni tí yóò máa bójú tó o, pátákó ìkìlọ̀ kì í sì í fọhùn. Ibi tí ó ti ń ṣiṣẹ́ dáadáa ni ibi tí àwọn àgbà tí ń gun pákó ti gbà láti máa kọ́ àwọn ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ní ìwà pápá, tí òbí pẹ̀lú sì dúró níbẹ̀.

Ohun tí òbí ní láti mọ̀

Òbí tí ọmọ rẹ̀ ń gun sikútà, ìbáà jẹ́ ní Houston, ní London tàbí ní Ìbàdàn, lè dín ewu kù púpọ̀ bí ó bá kíyè sí nǹkan wọ̀nyí:

Akoto ni ó ṣáájú ohun gbogbo. Ó gbọ́dọ̀ bá orí ọmọ mu, kí ó bo iwájú orí, kí wọ́n sì de okùn rẹ̀ sí abẹ́ àgbọ̀n. Akoto tí ó ti gba ìkọlù ńlá kan kò dára mọ́, bí kò tilẹ̀ là.

Ìbòmọ́lẹ̀ ìgúnpá àti orúnkún yẹ kí ó tẹ̀lé e. Ìdè ọrùn-ọwọ́ dára fún ẹni tí ń gun pákó, ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ ìjọba Amẹ́ríkà tí ń rí sí ààbò ọjà kìlọ̀ pé ó lè ṣòro fún ọmọ tí ń gun sikútà láti di ọ̀pá ìdarí mú bí ó bá wọ̀ ọ́.

Kí òbí yẹ sikútà wò kí ọmọ tó gùn ún: kí ìdè ibi tí wọ́n ti ń ká a le dáadáa, kí rọ́bà sì wà ní etí ọ̀pá ìdarí méjèèjì. Kí ọmọ má gùn ún lórí ilẹ̀ tí ó tutù, kí ó má sì gùn ún lóru.

Bí ọmọ bá fi orí ṣubú, tí ó sì ń bì, tí oorun ń kùn ún ju bí ó ti yẹ, tí orí fífọ́ rẹ̀ ń le sí i, tí kò rántí ohun tí ó ṣẹlẹ̀, tí ó dákú, tàbí tí ẹyinjú rẹ̀ méjèèjì kò dọ́gba, kí wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn láìjáfara. Bákan náà ni bí ọ̀pá ìdarí bá gún un ní ikùn tí inú sì ń dùn ún, bí kò tilẹ̀ sí ọgbẹ́.

Bí apá tàbí ẹsẹ̀ bá wú tàbí tí ó wọ́, kí wọ́n má fà á, kí wọ́n má sì wọ́ ọ. Kí wọ́n fi ohun tí ó le tì í lẹ́yìn, kí wọ́n sì gbé ọmọ lọ fún àyẹ̀wò X-ray. Àwọn dókítà egungun ní Nàìjíríà ti ń kìlọ̀ tipẹ́ pé igi tí àwọn kan máa ń dì mọ́ ọwọ́ pinpin lè dí ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́, kí ọwọ́ náà sì kú, débi pé gígé ni yóò kù.

Ẹ̀kọ́ fún ilẹ̀ wa

Ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, eré yìí ti ń gbèrú. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2021 ni wọ́n ṣí Freedom Skatepark ní ìlú Accra, olú-ìlú Ghana. Ní Èkó, kò ṣàjèjì kí ènìyàn rí ọ̀dọ́ tí ó wọ bàtà onítáyà, tí ń sáré láàárín ọkọ̀, tí ẹlòmíràn tilẹ̀ ń di ẹ̀yìn mọ́tò mú. Àwọn ọmọ wọ̀nyí ti yan eré tiwọn. Ibi tí wọn yóò ti ṣe é láìsí mọ́tò ni wọn kò ní. Ìlú tí ó bá fẹ́ kọ́ pápá fún wọn lọ́la lè kọ́gbọ́n lára California, kí ó yanjú ọ̀rọ̀ pákó, sikútà, kẹ̀kẹ́ àti kẹ̀kẹ́ aláàbọ̀ ara lórí ìwé, kí wọ́n tó da kọnkéré.

Àwọn àgbà máa ń sọ pé bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ọmọ tí ó ṣubú lórí sikútà yóò wo iwájú bóyá ẹnìkan ń bọ̀ wá gbé òun. Ní pápá tí a pín dáadáa, tí akoto wà lórí ọmọ, tí àgbàlagbà kan sì dúró létí kọnkéré, yóò rí ẹni tí ń bọ̀ náà.